Fadá tí kò mọ ère gbẹ́: ìtàn àwọn agbẹ́gilére Ọ̀yẹ́-Èkìtì

  Bó bá jẹ́ inú dánfó lẹ wà tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ di fóònù yín mú dáadáa o. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ń kà á ni, ẹ káàbọ̀. Ohun tí mo sọ lórí ètò náà la kọ sílẹ̀ síbí.

Láti Agége ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ìlú yìí máa ń sọ pé ara ọ̀rọ̀ "agégi" ni orúkọ Agége ti jáde, pé àwọn tó ń gé igi ló kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Títí dòní, ẹ ò lè rìn jìnnà ládùúgbò wa kí ẹ má gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń la pákó, tàbí kí ẹ má rí káfíńtà tó ń fi sáńpépà ha bẹ́ẹ̀dì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Igi ò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ìtàn igi tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì tàbí àga. Ìtàn ère ni, àti ìtàn ilẹ̀kùn. Ìtàn òyìnbó kan ni pẹ̀lú, ẹni tí kò lè gbẹ́ ère kankan, tó sì wá di ẹni tí wọ́n ń bá iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wa dárúkọ.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò rèé: bí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bàbá wa bá ń kú lọ, tí àlejò sì wá jí i, ṣé tiwa ló ṣì jẹ́ àbí ti àlejò? Ẹ má tètè dáhùn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn náà ná.

Ilẹ̀kùn tó lọ sí London

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ní nǹkan bí 1910 sí 1914, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe pákó pẹlẹbẹ lásán. Àwọn èèyàn yọ jáde lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ọba jókòó lápá kan pẹ̀lú adé orí rẹ̀, àwọn ayaba wà lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, wọ́n gbé òyìnbó kan bọ̀ láti wá kí kábíyèsí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní ìlú náà ni Ọlọ́wẹ̀ fi igi sọ.

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní London, láti fi ohun tó wà nílẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso han aráyé. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀. Àwọn ará British Museum rí i, ojú wọn ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí Ògògà jẹ́ kí àwọn mú un. Kábíyèsí ò gba owó lọ́wọ́ wọn. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Ìtẹ́ wá sí Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn dúró sí London, ibẹ̀ ló sì wà di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fojú inú wo iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Èkìtì yóò ti rí i pé nǹkan ò rí bó ṣe máa ń rí mọ́.

Ta ni yóò ra ère?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀bùn nìkan kọ́ ló ń mú un dúró. Oníbàárà ló ń mú un dúró. Ta wá ni oníbàárà agbẹ́gilére láyé àtijọ́? Àkọ́kọ́ ni ọba, tó nílò òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin. Èkejì ni àwọn abọ̀rìṣà, tó nílò oṣé Ṣàngó, ère ìbejì, ọpọ́n Ifá àti agere. Ẹ̀kẹta, pàápàá ní Èkìtì, ni àwọn tó ń gbé ẹ̀kú Ẹpa jáde, ère ńlá tí wọ́n ń gbé lérí, tó wúwo débi pé alágbára nìkan ló lè fi í jó.

Nígbà tó fi di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníbàárà wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti di Mùsùlùmí tàbí ọmọ ìjọ. Ẹlòmíràn sun ère bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣèrìbọmi. Àwọn ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ńtì àti páànù kọ́lé. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń pọ̀ sí i, tó sì yẹ kó nílò ère àti ilẹ̀kùn, ìlú òyìnbó ló ti ń ra tirẹ̀. Ère Maria tí wọ́n fi ẹfun mọ, tí ojú rẹ̀ funfun, tí aṣọ rẹ̀ jẹ́ búlúù, ni wọ́n ń dì sínú àpótí wá fún àwọn ìjọ Àgùdà.

Bí agbẹ́gilére kò bá rí iṣẹ́, oko ni yóò lọ. Bó bá lọ sóko, ta ni yóò kọ́ ọmọ? Bí ìran kan ò bá kọ́ ọmọ, iṣẹ́ náà tán nìyẹn, nítorí kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ọ̀gá tí kò mọ iṣẹ́

Ní 1947, àwọn fadá méjì dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ọ̀kan ni Sean O'Mahony, èkejì ni Kevin Carroll. Ẹgbẹ́ fadá tí wọ́n ń pè ní SMA, tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ wa tipẹ́, ló rán wọn. Liverpool ni wọ́n ti bí Carroll ní 1920, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn.

Èrò wọn rọrùn láti sọ: dípò kí ṣọ́ọ̀ṣì máa ra ère láti òkè òkun, kí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá ṣe é. Agbẹ́gilére nìkan kọ́ ni wọ́n gbà. Àwọn ahunṣọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníṣẹ́ awọ.

Ibi tó dùn mí nínú jù nínú ìtàn yìí nìyí. Carroll kì í ṣe agbẹ́gilére. Bí wọ́n bá gbé àáké lé e lọ́wọ́, kò ní lè fi gbẹ́ ère. Ṣé ẹ rí i, ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà náà ló máa ń kó ìwé àwòrán ìlú wọn wá pé, "Ó yá, ẹ ṣe irú èyí." Carroll ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá àwọn ọ̀gá tó ṣì mọ iṣẹ́ kiri. Ó sọ ìtàn inú Bíbélì fún wọn, ó fún wọn ní igi, ó san owó, ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn wo ìtàn náà. Kò ní kí wọ́n yéé gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ọba tàbí ère fún ẹni tó bá wá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ nílé.

Ní ìlú Ọ̀sì, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara báyìí, ni ó ti rí àgbà kan tó ń jẹ́ Areógun. Ẹni tó bá mọ ìtàn ère ilẹ̀ Èkìtì mọ̀ pé orúkọ kékeré kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn àti ère Ẹpa ni bàbá yìí ti gbẹ́ kí fadá tó dé. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, ló wá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́. Bándélé kò kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ tààrà o. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ẹ ò rí bí ọgbọ́n àwọn àgbà ṣe jinlẹ̀? Kọ́mọ má bàa gbójú lé pé ọmọ ọ̀gá lòun.

Ẹ wá wo ohun tí Bándélé fi ìtàn Bíbélì ṣe. Nígbà tí wọ́n ní kó gbẹ́ àwọn amòye mẹ́ta tó wá kí Jésù, kò gbẹ́ ará Lárúbáwá, kò gbẹ́ òyìnbó. Ọba Yorùbá ló gbẹ́. Ó mọ bí ọba ṣe ń wọlé tọ ẹni tó bá ju ọba lọ. Lójú ará Ọ̀yẹ́, ìtàn náà ò nílò ògbufọ̀ mọ́.

Ọmọ Ìlá tó tún iṣẹ́ kọ́

Ẹni kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Lámídì Ọlọ́nàadé Fákẹ́yẹ. Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí i. Ìdílé agbẹ́gilére ni ìdílé Fákẹ́yẹ, láti ìran dé ìran. Láti kékeré ni Lámídì ti ń gbẹ́ igi. Ó lọ sílé-ẹ̀kọ́, ó sì ṣeé ṣe kó di akọ̀wé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó débi iṣẹ́ Ọ̀yẹ́, ní ìparí àwọn ọdún 1940, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa ronú sí. Ọmọ ìdílé ọlọ́nà yìí, tó ti mọ ère gbẹ́ tẹ́lẹ̀, gbà láti tún bẹ̀rẹ̀. Ó di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé.

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an? Àwọn agbẹ́gilére pín iṣẹ́ ère sí ìpele mẹ́rin, wọ́n sì ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé. Níbí, àáké ni ọ̀gá ń lò láti fi ya ìtì igi sí ibi tí orí yóò wà, ibi tí àyà yóò wà, ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà. Kò tíì sí ojú, kò tíì sí imú. Èkejì ni àlétúnlé. Orí wá di orí gan-an, apá yà kúrò lára ìhà. Ẹ̀kẹta ni dídán, nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ mú gbogbo ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, níbi tí wọ́n ti ń fín irun, ilà ojú, àti ọnà ara aṣọ.

Mo bi yín léèrè: ìpele wo ló le jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ọ̀pọ̀ wa yóò sọ pé fínfín ni, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti ń rí ẹwà. Rárá o. Ọnà lílé ni. Bí àáké bá gé ibi tí kò yẹ kó gé, fínfín ò lè tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀gá ló máa ń ṣe ọnà lílé, tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ dídán àti ohun kéékèèké. Láti ìparí iṣẹ́ lọmọ ti ń rìn padà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún mélòó kan ni ìrìn náà máa ń gbà.

Irú ẹ̀kọ́ yìí ni fadá ò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó lè ṣe ni kó jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n jókòó síbì kan náà, kí ebi má sì pa wọ́n.

Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Jàpáànì

Bí ẹ bá rò pé Yorùbá nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sí Tokyo díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ánímè, ẹ fetí sílẹ̀.

Ní 1868, ìjọba tuntun gba agbára ní Jàpáànì. Wọ́n fẹ́ kí orílẹ̀-èdè wọn tètè bá ti òyìnbó dọ́gba. Ní 1876, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ọnà kan sílẹ̀, wọ́n sì kó olùkọ́ wá láti Ítálì kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ bí òyìnbó ṣe ń ya àwòrán. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń ya àwòrán bí bàbá wọn ṣe ń yà á? Wọ́n pàdánù oníbàárà. Kano Hogai, tó wá láti inú ẹgbẹ́ ayàwòrán tó ti ń sin àwọn alágbára ìlú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, di ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ṣákálá kó lè jẹun.

Ní 1878, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ernest Fenollosa dé Tokyo. Iṣẹ́ àwòrán kọ́ ló bá wá, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n-orí àti ètò ọrọ̀ ajé ló ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n àwòrán àtijọ́ àwọn ará Jàpáànì wọ̀ ọ́ lójú. Ní 1882, ó dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ̀ sílẹ̀ yìí kò kéré sí ti òyìnbó rárá. Ó ṣe oníbàárà fún Hogai. Hogai ya iṣẹ́ ńlá kan, ti Kannon, tí àwọn onísìn Buddha mọ̀ sí aláàánú. Ó kú ní 1888 kó tó parí rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Hashimoto Gaho ló bá a fi ọwọ́ ìkẹyìn sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Fenollosa ni Okakura Kakuzo. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ jà títí ìjọba fi ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọnà ti Tokyo ní 1889, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní àwòrán ìbílẹ̀. Gaho wà lára àwọn olùkọ́. Yokoyama Taikan wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Hishida Shunso wá tẹ̀ lé e.

Àwọn ọmọ yìí ò kàn ṣe àdàkọ bàbá wọn o. Taikan àti Shunso pa ìlà dúdú tí wọ́n fi ń yí ojú àwòrán po rẹ́, wọ́n jẹ́ kí àwọ̀ wọnú àwọ̀ bí kùrukùru òwúrọ̀. Àwọn èèyàn bú wọn. Wọ́n fún ọnà náà ní orúkọ ẹ̀sín, mōrōtai, ìyẹn ni pé kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Lónìí, àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣẹ̀sín wọ̀nyẹn wà lára ohun tí Jàpáànì fi ń yangàn.

Ẹ rí i bí ìtàn méjèèjì ṣe jọra? Àlejò tí kò mọ iṣẹ́ náà ṣe, ọ̀gá tí kò rí oníbàárà, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó gbé e kọjá ibi tí ọ̀gá fi í sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ní Jàpáànì, ìjọba ilẹ̀ náà ló dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ṣì wà títí dòní, ó ti di yunifásítì. Ní Ọ̀yẹ́, ìjọ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1954, wọ́n ti tì í pa. Ọdún méje péré ni.

Ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu

Àwọn àgbà ní, bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ẹnu ò sì dákẹ́ lára iṣẹ́ Ọ̀yẹ́.

Àwọn kan nínú ìjọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé òrìṣà tí a sun lánàá lẹ tún gbé padà wá yìí?" Ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ pé ojú Maria funfun, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ nígbà tó rí Maria tó kúnlẹ̀ bí ìyá rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ohun gbogbo tí bàbá rẹ̀ ní jẹ́ ti èṣù, kò lè fi ọjọ́ kan gbà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé. Ulli Beier, tó wá sí Nàìjíríà ní 1950, tó sì di èèkàn nínú ọ̀rọ̀ ọnà ní Òṣogbo, kò gbà pé ọ̀nà Ọ̀yẹ́ ni yóò gba iṣẹ́ ọnà là. Lójú irú àwọn bẹ́ẹ̀, ère tó bá ti kúrò nídìí òrìṣà tó bí i ti kú, kí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun ló dára. Ní Òṣogbo, nígbà tí àwọn ọdún 1960 bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Twins Seven-Seven àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ ọnà lọ́dọ̀ ọ̀gá àtijọ́ kankan kí wọ́n tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ibi tí mo dúró sí rèé. Mo gbà pé àlejò kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí yóò yàn fún wa ohun tó yẹ ká tọ́jú. Agbára tí fadá fi pe àwọn agbẹ́gilére jọ, inú ìjọba amúnisìn ló ti jáde. Ìjọ tó wá fẹ́ gba iṣẹ́ náà là wà lára ohun tó jẹ́ kó máa kú. A ò gbọ́dọ̀ fi èyí pa mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ère kú nígbà tó kúrò nídìí òrìṣà. Ẹ̀rí mi ni Lámídì.

Mùsùlùmí ni Lámídì Fákẹ́yẹ, Alhaji ni. Ọwọ́ tó jogún láti ìdílé tó ń gbẹ́ ère fún òrìṣà ló fi gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọwọ́ kan náà ló fi gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìwọ̀ oòrùn ní Ìbàdàn. Ó lọ kọ́ síwájú sí i ní Paris ní 1962. Láti 1978, ó di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a ń pè ní OAU báyìí. Ní 1987, ó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà níbẹ̀. Ní 2006, àjọ UNESCO fi oyè dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣúra fún aráyé. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, 2009.

Ẹ wo ohun tó gba inú ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kọjá: òrìṣà, Jésù, ìjọba, Odùduwà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kírun. Bó bá jẹ́ òrìṣà nìkan ni ẹ̀mí ère wà, irú ayé bẹ́ẹ̀ ò ní ṣeé ṣe. Ẹ̀mí ère wà nínú ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín, àti nínú ọ̀gá tó fi han ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ìtìpa 1954 kò fi pa iṣẹ́ náà. Ilé ni wọ́n tì. Bándélé àti Lámídì ti ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tiwọn.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí i

Ẹni tó bá wà ní Agége kò nílò láti lọ sí Èkìtì kó tó rí ipa ìtàn yìí. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Agége níbí. Ẹ ó kọjá Ìkẹjà, ẹ ó kọjá Oṣòdì.

Bí ẹ bá dé Múṣin, ẹ rántí pé Papa Àjàò ládùúgbò yẹn ni Bruce Onobrakpeya fi ṣe ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Urhobo ni, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá ẹgbẹ́ ọnà Zaria sílẹ̀ ní 1958, àwọn ọ̀dọ́ tó ní àwọn ò ní máa ya àwòrán bí òyìnbó lásán, àwọn ò sì ní kọ ìmọ̀ òyìnbó tó bá wúlò. Ọdún púpọ̀ ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọnà ní St. Gregory's College. Bí ẹ bá dé Yábàá, Yaba College of Technology ni Yusuf Grillo, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yẹn kan náà, ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Bí ẹ bá wá sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀yìngbò, ẹ béèrè ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul ní Èbúté Mẹ́tà. Lápá ìparí àwọn ọdún 1960, fadá tí à ń wí yìí kan náà ló gbé iṣẹ́ fún Onobrakpeya pé kó ya ìpele mẹ́rìnlá tí Jésù fi ru àgbélébùú sára ògiri ibẹ̀. Aṣọ ilẹ̀ wa ni àwọn èèyàn inú rẹ̀ wọ̀. Ní 1969, Onobrakpeya fi ìtàn kan náà ṣe àwòrán títẹ̀, èyí tó wà lára iṣẹ́ rẹ̀ tí aráyé mọ̀ jù.

Kí nìdí tí mo fi ń ka ibùdó ọkọ̀ fún yín? Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ wa rò pé inú mùsíọ́mù London nìkan ni ọnà wa wà. Ó wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ yín.

Èyí tó kù sí wa lọ́wọ́

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀gá káfíńtà kan ládùúgbò wa sọ fún mi pé tẹ́lẹ̀, kò sígbà tí òun kì í ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní báyìí, ọmọ á dé lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di oṣù kejì, ó ti gun ọ̀kadà lọ. Mi ò ní bú àwọn ọmọ náà. Ebi ń pa wọ́n. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìgbowó, kí wọ́n tó ṣe fríìdọ́ọ̀mù, ta ni yóò máa bọ́ wọn? Ohun tí ìtàn Ọ̀yẹ́ àti ti Tokyo jọ sọ nìyí: ẹni tó sọ iṣẹ́ dọ̀tun ni ọ̀gá àti ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ san owó àkókò tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ní Tokyo, ìjọba san án. Ní Ọ̀yẹ́, àlejò san án fún ọdún méje.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ náà jẹ́ ti ẹni tó lè fi kọ́ ọmọ. Areógun ló ni ín, Bándélé ló ni ín, Lámídì ló ni ín. Carroll ò ni ín, òun náà kò sì sọ pé òun ni ín. Ní 1967, ó tẹ ìwé jáde nípa ère ilẹ̀ Yorùbá, ó sì kọ orúkọ àwọn agbẹ́gilére síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ère wa tó kún mùsíọ́mù àgbáyé, "a ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ" ni wọ́n ń kọ sídìí púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà bẹ̀ yín ní ohun kékeré kan. Lọ́sẹ̀ yìí, bí ẹ bá rí ilẹ̀kùn, àga, tàbí ère kan tí ọwọ́ èèyàn ṣe, tí ẹ sì yọ fóònù láti yà á, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é kí ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ orúkọ náà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ó ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ tí ẹ lè gbé fún un, ẹ gbé e fún un.

Èmi yóò dúró níbí lónìí. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kó mọ̀ pé ẹnì kan rántí òun. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá wa sí. Ẹ máa gbádùn o.